Èérún tí Ojú Kò Lè Rí àti Ẹ̀rọ tí Ìkẹjà Kò Ní

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n dáhùn ni pé: àyè wo ló wà fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì èérún nánò, irú físíìsì tí à ń fi ọwọ́ ṣe nínú yàrá ìwádìí, tí kì í ṣe èyí tí kálámù àti ìwé nìkan tó fún? Èsì mi kò gùn. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ó pọ̀ ju àwọn tí yóò ṣe é lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà láàárín Allen Avenue ní Ìkẹjà tí a jókòó sí yìí àti Agége. Ohun tí kò sí ni ẹ̀rọ tí a ó fi wọn iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ yẹn kò bá sí nítòsí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ oyè ni a óò máa pín, a kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní àyè ìwádìí. Mo fẹ́ fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, kí n sì dá àwọn tí kò gbà á lóhùn, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ ní ìtumọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nàńómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó 80,000 nàńómítà, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èérún tí ìbú rẹ̀ wà láàárín nàńómítà 1 sí 100 ni à ń pè ní èérún nánò. Ohun tó mú un gba àfiyèsí àwọn onífísíìsì ni pé bí nǹkan bá ti kéré dé ìwọ̀n yẹn, ìwà rẹ̀ ń yàtọ̀. Wúrà tí gbogbo wa mọ àwọ̀ rẹ̀, tí a bá sọ ọ́ di èérún nánò nínú omi, á pọ́n fòò. Michael Faraday ti fi èyí han àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1857. Ẹni tó bá ti ṣe àyẹ̀wò ibà tàbí àyẹ̀wò oyún pẹ̀lú pátákó kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ti fojú ara rẹ̀ rí i, torí èérún wúrà ló sábà máa ń di ìlà pupa tó yọ síbẹ̀. Wúrà kan náà tó jẹ́ pé ó di ìwọ̀n 1,064 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́, tó bá kéré tó nàńómítà méjì tàbí mẹ́ta, ooru tí yóò yọ́ ọ máa ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dín sí iye yẹn. Gíráàmù fàdákà kan péré, tí a bá fọ́ ọ sí èérún oní-nàńómítà 10, tí a wá ṣe àròpọ̀ ara ìta gbogbo wọn, yóò fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 57. Ara ìta yẹn sì ni kòkòrò àìfojúrí ń fara kàn, òun ni èròjà mìíràn ń dì mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè pé “báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?” fi jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí kò lè dáhùn rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 2023 bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov, lórí irú èérún báyìí kan tó ń yí àwọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀. Mo dárúkọ wọn nítorí Ekimov. Gíláàsì aláwọ̀ ló ń yẹ̀ wò nílẹ̀ Rọ́ṣíà, irú gíláàsì tí ilé iṣẹ́ ti ń ṣe tipẹ́, nígbà tó rí i pé ìwọ̀n èérún inú rẹ̀ ló ń pinnu ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé. Ọjà tó wọ́pọ̀ ló bá ìwádìí wọ yàrá, ẹ̀rọ ìwọ̀n sì wà níbẹ̀ tó dè é. Ọjà tó wọ́pọ̀ kò wọ́n wa ní Ìkẹjà.

Ní òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n la àgbègbè ilé iṣẹ́ yìí. Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà, ni wọ́n fi sọrí títì tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Lórí títì yẹn ni Berger Paints wà. Lórí Adéníyì Jones, tí kò jìnnà sí wa níbí rárá, ni CAP tó ń ṣe ọ̀dà Dulux wà. Kí ni ọ̀dà bí kì í bá ṣe èérún nínú omi? Àwọ̀ funfun inú rẹ̀ jẹ́ èérún títáníọ̀mù dáyọ́sáìdì tó tó nàńómítà 200 sí 300. Ó fi díẹ̀ ju ìwọ̀n nánò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin tó ń darí bó ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, tí ògiri fi funfun báláú, wà lára ohun tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì èérún nánò. Dunlop náà ti ṣe táyà lórí Ọba Akran títí di ọdún 2008 tó dáwọ́ dúró. Táyà kì í lágbára láìsí káábọ́ọ̀nù dúdú, èyí tó jẹ́ èérún nánò pọ́ńbélé tí ayé ti ń lò kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ yẹn. Èmi kò ní sọ pé àìsí ìwádìí ló ti ilé iṣẹ́ náà; owó iná àti táyà tó ń wọlé láti òkèèrè ni àwọn tó mọ̀ ọ́n kà sí i lọ́rùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn fi èérún nánò ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn lójú títì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kan ti ń ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú èèpo obì, èèpo kókó, àní jànkáriwọ̀ pàápàá, wọ́n fi omi wọn sọ iyọ̀ fàdákà di èérún fàdákà. Omi náà á kọ́kọ́ dà bí omi lásán, á wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àyípadà àwọ̀ yẹn sì ni àmì àkọ́kọ́ pé èérún ti délẹ̀. Lọ́dún 2016, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé èyí tí wọ́n fi èèpo obì ṣe, tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà, kò jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí hù nínú ọ̀dà náà. Ẹni tó bá mọ bí ògiri ṣe ń bu nígbà òjò ní Èkó yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìwádìí fún ohun ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef. Àwọn ìbéèrè tó kù, ti onífísíìsì ni wọ́n. Òjò ọdún mélòó ni èérún náà yóò fi wà lára ògiri kí ó tó ṣàn lọ? Ṣé bó ṣe tóbi lọ́jọ́ tí wọ́n pò ó náà ló ṣe tóbi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nínú agolo, àbí wọ́n ti dì mọ́ ara wọn? Kí ni oòrùn ń ṣe sí i? Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó oyè ọ̀mọ̀wé kan. Ilé iṣẹ́ tí yóò fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀ wà ní ìrìn ẹsẹ̀ sí ibi tí a jókòó sí yìí.

Ọ̀rọ̀ tó wá jẹ mí lógún jù ni ti afẹ́fẹ́. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018, ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ Èkó pa ènìyàn tó 11,200 ṣáájú àkókò wọn, ó sì jẹ bílíọ̀nù dọ́là 2.1 mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ka Ìkẹjà mọ́ Àpápá, Ìdúmọ̀tà àti Odogunyan gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nítorí ilé iṣẹ́ àti okòwò. Ní Odogunyan, wákàtí mẹ́rìnlélógún kan wà tí èérún kéékèèké inú afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5, tó máíkírógíráàmù 1,770 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi ààyè gbà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún láti ọdún 2021 ni 15. Síbẹ̀, ìwúwo ni òṣùwọ̀n yìí ń wò. Èérún kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ tó nàńómítà 2,500 wúwo bákan náà pẹ̀lú 125,000 èérún oní-nàńómítà 50, bí ohun tí a fi ṣe wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń lo dísù àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba Agége Motor Road ń tú irú èérún wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní àìmọye, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá, nítorí náà òṣùwọ̀n ìwúwo kì í rí wọn. Ẹ̀dọ̀fóró ń rí wọn. Àwọn tó kéré jù nínú wọn ń wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ. WHO fúnra rẹ̀ kò tíì fi ààlà sí i fún irú èérún yìí, torí pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó, ó sì rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n máa kà á. Ẹ wo àyè ìwádìí! Ohun tí gbogbo ayé ń wá, àwa ni à ń mí in símú ní Allen láràárọ̀ tí iná bá lọ. Ọ̀dọ́ tó bá fi ọdún mẹ́ta ka èérún yìí láti Allen dé Agége, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, lásìkò tí iná wà àti lásìkò tí jẹnẹrétọ̀ ń ké, yóò kọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ní Síwíìsì tàbí Jámánì kò lè kọ, nítorí afẹ́fẹ́ yìí kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lè ṣe èérún nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi ránṣẹ́ sí òkèèrè, sí Gúúsù Áfíríkà pàápàá, kí ẹlòmíràn tó bá wọn ya àwòrán rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù oní-ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Èérún kì í dúró de ìrìnàjò. Ó lè ti dì mọ́ ara rẹ̀ kó tó débẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wò ó, kò lè sọ pé “ẹ yí i sápá kan,” kò lè lọ tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí àwòrán náà kò bá dára. Àwòrán méjì mẹ́ta tó bá padà wá ni yóò fi kọ ìwé. Físíìsì àfọwọ́ṣe kì í yé ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àṣetúnṣe ló ń yé e, kí èyí tó kùnà lánàá sọ ohun tí a ó yí padà lónìí. Nítorí náà, iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ní nídìí ẹ̀rọ ni mo fi ń wọn àyè ìwádìí. Ìwé ìgbàwọlé, owó ilé ìwé, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó o, gbogbo wọn ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Àwọn kan á ní, bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, kí àwọn ọmọ lọ síbi tí ẹ̀rọ wà. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ní Bìrìtéènì, owó ìgbọ́bùkátà tó kéré jù tí UKRI, àjọ tó ń nọ́wó ìwádìí níbẹ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 jẹ́ 19,237 pọ́n-ùn lọ́dún. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba owó bí òṣìṣẹ́. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ló ń san owó ilé ìwé láti inú àpò ara wọn, ìrànlọ́wọ́ TETFund, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, sì wà fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, kò wà fún gbogbo ọ̀dọ́. Èmi kò ní bá ẹni tó lọ jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóbọ̀yèjọ lọ, ó di àgbà onímọ̀ ní Princeton, ó wádìí bí èérún irin ṣe lè tọ jẹjẹrẹ ọmú lẹ́yìn, ó sì padà wá darí yunifásítì AUST ní Àbújá. Ṣùgbọ́n ìlú kan kò lè fi ìpadàbọ̀ ẹnì kan ṣe ètò. TETFund ti ké gbàjarè lórí àwọn tó rán lọ tí wọn kò padà, ó sì dá ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ òkèèrè rẹ̀ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Bó bá sì tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ń padà, kí ni wọ́n ń padà sí? Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin nídìí máíkírósíkóòpù tó dára, tó wá dé yàrá tí kò sí nǹkan kan, yóò di olùkọ́ tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ láti inú ìwé. Àwọn tó ṣì ń lọ pàápàá nílò ẹ̀rọ nílé. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gba oyè rẹ̀ níhìn-ín, kó lo oṣù mẹ́fà lókèèrè nídìí ẹ̀rọ tí a kò lágbára rẹ̀, kó sì mọ ibi tó ń padà sí.

Àtakò tó le jù lọ ni ti iná àti àtúnṣe. Wọ́n ní ẹ̀rọ yóò dé, wọn yóò gé ríbọ́nù, gómìnà yóò ya fọ́tò, lẹ́yìn ọdún méjì yóò di ibùgbé aláǹgbá. Mo gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní ibi púpọ̀. Ẹni tó bá dábàá ẹ̀rọ tuntun láìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe wá lóore. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibùdó ìwádìí agbára ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń yín èérún átọ́ọ̀mù lọ́nà agbára fóòtì mílíọ̀nù 1.7, tí wọ́n fi ń yẹ ohun èlò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wò; ẹ̀rọ tó le ju èyí tí mo ń béèrè lọ ni, ilẹ̀ Yorùbá ló sì wà. Ní Ẹdẹ, ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn ti Redeemer's University, rí owó lọ́dọ̀ Báńkì Àgbáyé, ó kó ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá jọ, ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tí kòrónà dé ní Fẹ́búárì 2020, Ẹdẹ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò náà ní ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìrán an sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Bọ́sítìn. Iná Ẹdẹ kò dára ju ti Ìkẹjà lọ. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ sì wà fún ẹ̀rọ náà láti ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tí ènìyàn mẹ́wàá ń dúró dè lórí ìlà kì í ráyè di ibùgbé aláǹgbá.

Ibí gan-an ni Ìkẹjà ti ju ọgbà yunifásítì lọ. Àwọn ọ̀pá gáàsì ti wọ àgbègbè ilé iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ilé ìpèsè iná Aláùsá, tó ń lo gáàsì, tó sì lágbára mẹ́gáwáàtì 10.6, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn oníbàárà tó yẹ kí wọ́n rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, di iye tó ju náírà 200 lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n yàrá ìwádìí tó bá ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ lè san án. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà, ti oògùn, ti ìṣaralóge, ti oúnjẹ, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkèèrè fún àyẹ̀wò tàbí tí wọn kì í yẹ̀ wò rárá. Bí wọ́n bá ń san owó wákàtí fún ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án, akẹ́kọ̀ọ́ á máa lò ó lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. UNILAG ní Akọka, LASU ní Ọ̀jọ́, LASUSTECH ní Ìkòròdú, Covenant ní Ọ̀tà, kò sí èyí tó jìnnà jù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi orúkọ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, ti ń ṣe ìwádìí fún ilé iṣẹ́ láti ọdún 1956, ó sì yẹ kó jókòó sídìí irú ètò báyìí. A kò ní láti fi máíkírósíkóòpù olówó mílíọ̀nù dọ́là bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka èérún inú afẹ́fẹ́, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí èérún ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kó lè mọ ìbú rẹ̀, èyí tó ń wo àwọ̀ tí omi ń gbé mì, àti máíkírósíkóòpù kékeré orí tábìlì: owó ilé mélòó kan ní Ọ̀pẹ̀bí lè kó gbogbo wọn wálé.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń rò ó lọ́kàn pé ebi ń pa ará ìlú, èérún wo là ń kà? Wọn kò ṣe àṣìṣe láti bi wá. Àmọ́ ẹ rántí bílíọ̀nù dọ́là 2.1 tí mo dárúkọ: owó oògùn ni, owó ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣòfò ni, àwọn tí kò rí oúnjẹ jẹ gan-an ló sì ń ta ọjà lẹ́bàá títì tí èéfín pọ̀ jù. Ẹ rántí ibà pẹ̀lú. Nínú ènìyàn mẹ́rin tí ibà ń mú láyé, ó tó ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Codix Bio, ilé iṣẹ́ tiwa, gba àṣẹ lábẹ́ ètò WHO láti lo ìmọ̀ SD Biosensor ti Kòríà fún ṣíṣe ohun èlò àyẹ̀wò kíákíá. Tó bá jẹ́ pé a ó máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé lóòótọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó lè sọ ìdí tí ìlà pupa fi ṣú tàbí tó fi mọ́lẹ̀ jù. Ti ewu náà kò sì yàtọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de títáníọ̀mù dáyọ́sáìdì nínú oúnjẹ lọ́dún 2022 nítorí ìbẹ̀rù ohun tó lè ṣe sí àbùdá ènìyàn. NAFDAC àti SON, àwọn àjọ tó ń ṣàkóso ọjà nílẹ̀ wa, kò lè dá ohun tí ẹnikẹ́ni níhìn-ín kò lè wọ̀n dúró. Ẹni tó ń bẹ̀rù èérún nánò ló yẹ kó kọ́kọ́ dá owó fún ẹ̀rọ tó ń kà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ lórí Ọba Akran, Adéníyì Jones, Acme àti Ògbà. Ẹ má dúró de Àbújá. Ìjọba Èkó ní LASRIC fún owó ìwádìí, TETFund náà ń sọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí kò yé yín nínú agolo ọ̀dà yín, nínú ike ìpara yín, nínú èéfín tó ń jáde lórí òrùlé yín. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan ṣoṣo wá, kó mú akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kan, kó fún un ní ohun tí yóò wọ̀n, kó sì san owó wákàtí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín àti ìbéèrè náà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níhìn-ín lónìí.